Orí ń fọ́ ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wẹ́dà lórí ẹ̀rọ AR: ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lọ́nà Arówómọlé. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 18, ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ó sì tún ń lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ AR, ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán kọ̀ǹpútà kún ohun tí ojú ń rí, kọ́ wọn ní iṣẹ́ wẹ́dà. Wọ́n á gbé akoto kan sí i lórí, á máa rí iná àti irin tó ń yọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan níbẹ̀. Bó bá ti délé, orí á máa fọ́ ọ, ojú á máa ta á, nígbà mìíràn èébì á máa gbé e. Ó ní bí òun bá dijú lálẹ́, òun ṣì máa ń rí ìlà aláwọ̀ ewé tí ẹ̀rọ náà fi ń tọ́ òun sọ́nà. Ìyá rẹ̀ ní ayé ti ń bá ọmọ òun jà. Ṣé nǹkan yìí ò ní ba ojú àti ọpọlọ ọmọ náà jẹ́? Ó ń gba 90 nínú 100 lórí ẹ̀rọ wọn o, ṣùgbọ́n tó bá dé ṣọ́ọ̀bù mi, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, irin á lu, ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń jó irin, á lẹ̀ pa. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ni? Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 9 náà ti ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ gbé e sórí wò.”

Ìdáhùn: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó ọmọ. Ìbẹ̀rù mẹ́ta ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín: ti ojú, ti ọpọlọ, àti ti ọwọ́. Orí fífọ́ àti ojú títa yẹn kì í ṣe àròyé ọmọ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹni tó bá lo ẹ̀rọ yìí, àmọ́ ó máa ń lọ, ó sì ní ohun tí a lè ṣe sí i. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe àfikún ọ̀rọ̀, òun gan-an ni ká jókòó tì. Kí n tó lọ síwájú, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo bí irinṣẹ́ ṣe ń bá ara àti ọkàn òṣìṣẹ́ mu, mo sì ti jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi irú akoto yìí kọ́ṣẹ́. Mi ò kì í ṣe dókítà ojú, mi ò sì rí ọmọ náà, nítorí náà ohun tó jẹ́ pé dókítà gbọ́dọ̀ tan iná wò nínú ẹyinjú, mi ò ní fi lẹ́tà wò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú èyí tó rọrùn jù. Kò sí iná wẹ́dà nínú akoto yẹn rárá. Kámẹ́rà ló wà níwájú rẹ̀ níta, ojú ìwòran kéékèèké méjì ló wà nínú, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà ń ya tábìlì, irin àti ọwọ́ ọmọ náà gan-an. Kọ̀ǹpútà wá ń ya iná, irin yíyọ́ àti èéfín lé e lórí, ó sì ń fi ìlà àti ọfà sọ fún un pé kó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, kó rọra, kó má dúró sójú kan. Ibi tí AR ti yàtọ̀ sí VR nìyẹn: VR, ìyẹn virtual reality, á bo gbogbo àyíká mọ́ èèyàn lójú, AR á fi àyíká sílẹ̀ bó ṣe wà, á kàn fi tirẹ̀ kún un. Nǹkan náà kì í ṣe ti àná. Ivan Sutherland ti gbé irú rẹ̀ sórí èèyàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968. Orúkọ tó ń jẹ́ lónìí, augmented reality, Tom Caudell ló fún un ní nǹkan bí ọdún 1990 nílé iṣẹ́ Boeing, níbi tí wọ́n ti ń wá bí òṣìṣẹ́ tó ń to wáyà ọkọ̀ òfurufú á ṣe máa rí ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà láìjẹ́ pé ó ń ṣí ìwé wò.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ọmọ yín níbẹ̀, irú ìmọ́lẹ̀ fóònù ni. Iná tiyín ní ṣọ́ọ̀bù ló gbóná ju 5,000°C lọ, tó sì ń tu ìtànṣán tí a ò rí jáde, tó ń sun awọ iwájú ẹyinjú. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: ọ̀sán lèèyàn ṣiṣẹ́, kò ní mọ nǹkan kan, á di òru, bíi wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn náà, á wá dà bíi pé wọ́n bu iyanrìn sí i lójú. Lọ́dún 2017, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi èéfín wẹ́dà àti ìtànṣán iná rẹ̀ sí ìsọ̀rí àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ní ti èyí, wákàtí tí ọmọ bá lò nínú akoto AR, wákàtí tí èéfín àti iná ò rí i ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ ṣe ìwádìí kékeré kan kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ọjọ́ wo gan-an ni ojú ń ta á? Ṣé ọjọ́ tó lọ sí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni, àbí ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ bá yín di irin mú láàárọ̀, tó kàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń ṣẹ́jú pàkàpàkà, torí pé ìbòjú kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, orí ọ̀gá ló sì wà? Bí ojú bá ń ta á láàárín òru, tí omi ń dà lójú rẹ̀, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, iná ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ fura sí. Ti ẹ̀rọ AR kì í dúró de òru. Bó ṣe ń bọ́ akoto ni yóò ti máa mọ̀ ọ́n, á sì máa rọlẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú.

Kí ló wá dé tí ojú fi ń ro ó nígbà tí kò sí iná? Bí a bá fẹ́ wo nǹkan tó wà nítòsí, iṣẹ́ méjì ni ojú ń ṣe pọ̀. Ẹyinjú méjèèjì á yí síra wọn, ìyẹn àkọ́kọ́. Lẹ́ńsì inú ojú á ki sí i kí àwòrán lè mọ́, ìyẹn èkejì. Láti kékeré ni iṣẹ́ méjèèjì ti ń rìn pọ̀, débi pé a kì í mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Nínú akoto, wọ́n máa ń yapa. Lẹ́ńsì akoto ti gbé àwòrán dúró sí ibì kan tí kì í yí, tó máa ń jẹ́ mítà kan sí méjì nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ọwọ́ àti irin ọmọ náà wà kò ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí wẹ́dà ò lè jìnnà síṣẹ́ rẹ̀. Ẹyinjú á wá máa yí bíi pé nǹkan wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà, lẹ́ńsì inú ojú á sì máa wo ibi tó jìn ní mítà méjì. Iṣan ojú ló ń fa ìjà yẹn, ẹ̀yìn ojú àti iwájú orí ni a ti máa ń gbọ́ ọ. Ẹ wá fi èyí kún un pé ẹni tó tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú á sì gbẹ. Nígbà ọyẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, tí ètè pàápàá ń là, ẹ mọ bí ojú tí kò ṣẹ́ á ti rí.

Ó tún kù díẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì kò dọ́gba láàárín èèyàn. Nínú àgbàlagbà ó máa ń tó 63 mìlímítà, àwọn kan kéré sí i, àwọn kan jù bẹ́ẹ̀. Akoto tó dára ní ibi tí a ti ń tún un ṣe fún ẹni tó fẹ́ lò ó. Níbi tí ọmọ 20 bá ti ń pín akoto kan lò, tí wọ́n tò síwájú olùkọ́, ta ló máa dúró tún un ṣe? Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá rí ọmọ tó ń ráhùn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bí wọ́n ṣe to akoto náà sí i lórí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ìdí kejì tí mo máa ń bá pàdé ni pé ojú ọmọ náà ti ní ìṣòro tẹ́lẹ̀, ó nílò gíláàsì, kò sẹ́ni tó mọ̀. Akoto kàn gbé àṣírí náà jáde ni.

Èébì tó ń gbé e, ìyẹn ti yàtọ̀. Nínú etí wa lọ́hùn-ún ni ohun tó ń sọ fún ọpọlọ pé orí ti yí, pé ara ti tẹ̀. Bí ọmọ bá yí orí, tí àwòrán inú akoto wá fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé e, etí á sọ tirẹ̀, ojú á sọ tirẹ̀, ọpọlọ á dàrú. James Reason àti Brand ṣàlàyé èyí nínú ìwé wọn lórí èébì ojú ọ̀nà lọ́dún 1975, àlàyé náà ló ṣì gbajúmọ̀ jù di òní. Ẹni tó ń bì nínú mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn mọ nǹkan tí mò ń wí. AR kì í dani láàmù tó VR lórí èyí, torí pé tábìlì àti ilẹ̀ tó dúró ṣì wà lójú ẹni. Ojú àti orí ni AR máa ń bá jà jù. Ṣùgbọ́n owó ńlá pàápàá kò tíì pa ìṣòro náà. Ọdún 2021 ni ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bá Microsoft ṣe àdéhùn tó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 22 dọ́là fún gíláàsì AR tí ọmọ ogun á máa lò fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ojú ogun. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní 2022, àwọn ọmọ ogun ráhùn orí fífọ́, ojú ríro àti èébì, ó sì lé ní 80 nínú 100 àwọn tí ara wọn ò gbà á tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kí wákàtí mẹ́ta tó pé. Ẹ sọ fún ìyá ọmọ náà pé àwọn sójà wọ̀nyẹn ò ní ọ̀tá ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ti ọrùn ò gùn. Gíláàsì AR tó gbajúmọ̀, HoloLens 2, wúwo ní 566 gíráàmù, akoto wẹ́dà tó ní kámẹ́rà lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń jó irin sì máa ń tẹrí ba. Ẹ ní kó fọwọ́ kan ibi tí orí ti ń fọ́ ọ gan-an. Bó bá fi ìka fa ìlà yí iwájú orí ká, okùn akoto ló fún jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ojú ló tọ́ka sí, ọ̀rọ̀ ojú tí mo ti sọ ni. Bó bá gbá ìpàkọ́ àti ọrùn mú, ìwúwo akoto ni, tàbí tábìlì tó rẹlẹ̀ jù. Àárín yàrá tó gbóná, tí kò síná, tí fáànù dúró, á mú gbogbo rẹ̀ le sí i. Ọmọ tí kò mu omi láti àárọ̀, ooru nìkan tó láti fọ́ ọ lórí.

Ìlà aláwọ̀ ewé tó ń rí lálẹ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ló dẹ́rù ba ìyá rẹ̀ jù, mi ò sì fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ pa ẹ̀gúsí, bó bá dùbúlẹ̀ tó dijú, kí ló máa ń rí? Ẹ̀gúsí náà ni. Robert Stickgold ti Harvard fi géèmù Tetris dán èyí wò, ìwádìí rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2000: àwọn tó ti ta géèmù náà lójúmọmọ ń rí bíríkì rẹ̀ tó ń já bọ́ bí oorun bá ti ń gbé wọn lọ. Àwọn kan wà láàárín wọn tí ọpọlọ wọn ti bà jẹ́ débi pé wọn ò rántí pé àwọn ta géèmù kankan, àwọn náà rí bíríkì. Ọpọlọ ló ń tún iṣẹ́ ọjọ́ náà yẹ̀ wò. Ní tèmi, àmì pé ẹ̀kọ́ ń wọlé ni. Ohun tí mo máa bẹ̀rù ni kó máa rí i lọ́sàn-án gangan tí ojú rẹ̀ là, kó máa gbọ́ ohùn, kí oorun dá lójú rẹ̀ lọ́pọ̀ òru, tàbí kó ṣubú kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n. Ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ akoto, ilé ìwòsàn ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá sì ní wárápá, ẹ sọ fún olùkọ́ kó tó gbé akoto sórí mọ́, torí iná tó ń ṣẹ́ jú-jú lójú ẹ̀rọ lè gbé e dìde fún bíi 3 nínú 100 àwọn tó ní àìsàn náà.

Nǹkan kan tún wà tí ìwọ̀nba èèyàn mọ̀. Kámẹ́rà akoto kì í wà níbi tí ẹyinjú wà gan-an; iwájú ló máa ń wà, tàbí òkè díẹ̀. Biocca àti Rolland dán irú akoto bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 1998. Ọwọ́ àwọn tó wọ̀ ọ́ kọ́kọ́ ń ṣì, lẹ́yìn náà ó mọ́ wọn lára. Nígbà tí wọ́n wá bọ́ ọ, ọwọ́ tún ń ṣì, torí ó ti mọ́ ọn lára láti máa na ọwọ́ sí ibi tí nǹkan ò sí. Ó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe, àmọ́ kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo fi ń sọ èyí ni ọ̀kadà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn bọ́ akoto tán kó sì fò sórí ọ̀kadà, kó gba Tákìé kọjá láàárín tírélà. Kó jókòó, kó mu omi, kó wo ọ̀nà jíjìn, kó tó bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí òòyì bá ṣì ń kọ́ ọ, kí ẹlòmíràn wà á.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọwọ́. 90 nínú 100 yẹn kì í ṣe irọ́. Ẹ̀rọ náà ń wọn ohun tó lè wọ̀n: bí ẹlẹ́kítíróòdù ṣe dagun sí, bó ṣe jìnnà sí irin tó, bí ọwọ́ ṣe yára tó. Ọmọ náà ti mọ gbogbo èyí, kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún un pé òun ṣe é dáadáa? Ìlà aláwọ̀ ewé ni. Ìlà náà ló ń wò, kò wo irin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é tipẹ́, adágún irin yíyọ́ lẹ̀ ń wò, bó ṣe ń fẹ̀, bó ṣe ń tẹ̀ lé iná lẹ́yìn. Etí yín sì ń gbọ́ ọ bíi ẹran tó ń dín, tí dídún rẹ̀ bá yí padà ọwọ́ yín á ti tún ara rẹ̀ ṣe kí ẹ tó ronú. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Salmoni, Schmidt àti Walter, kọ ọ́ ní 1984 pé atọ́nà tí kì í dákẹ́ máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa nígbà tó wà níbẹ̀, tí a bá sì yọ ọ́, iṣẹ́ á wó. Ohun tí ẹ rí ní ṣọ́ọ̀bù yín nìyẹn, kò yàtọ̀.

Àwọn dókítà iṣẹ́ abẹ náà ti bọ́ sínú irú ẹ̀. Dixon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2013. Wọ́n fi AR tọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ kan sọ́nà, wọ́n sì fi àwọn kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn tó lo AR bá ibi tí wọ́n ń wá pàdé lọ́nà tó gún ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìṣó onídè kan síbẹ̀ tí kò yẹ kó wà nínú ara èèyàn, gbangba ló wà. Àwọn tó lo AR tí kò rí i pọ̀ ju àwọn tí kò lò ó lọ dáadáa. Wọ́n rí ìlà, wọn ò rí ìṣó. Bí ọmọ yín bá ń tẹ̀ lé ìlà, ṣé á rí i pé kébù ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí pé àpò símẹ́ńtì ti ń jó lẹ́yìn rẹ̀?

Ìbẹ̀rù sì wà ńbẹ̀. Nínú akoto, ẹ̀ta iná kì í ta sí apá. Okùn ẹ̀rọ kò wúwo tó ti kébù yín. Bó bá lu irin, yóò tẹ bọ́tìnì, irin tuntun á dé, kò sẹ́ni tó máa béèrè owó rẹ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ yín báyìí, iná ń ta pàrà, irin oníbàárà ni, owó ẹlẹ́kítíróòdù ti wọ́n, ọ̀gá sì dúró tì í lẹ́yìn. Ọwọ́ á gbọ̀n. Ẹ má bínú sí mi, ọ̀gá, ṣé kì í ṣe pé ẹ máa ń jágbe mọ́ ọn? Jeremy Bailenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford gbé èèyàn AR, tí kò sí níbẹ̀ rárá, síwájú àwọn tó ń tò lẹ́tà tó dàrú, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2019: níwájú ẹni tí kò sí yẹn, èyí tó rọrùn ń tètè yé wọn, èyí tó le ń nira fún wọn sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí kò sí lè ṣe èyí fún àgbàlagbà, ẹ ro ohun tí ojú ọ̀gá á ṣe fún ọmọ ọdún 18 tí iṣẹ́ náà ò tíì mọ́ lọ́wọ́.

Ṣé kí ẹ yọ ọ́ kúrò? Ẹ lè yọ ọ́, kò sí ohun tó máa bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà tó mọṣẹ́ dénú ní ìlú yìí ò rí akoto AR rí títí wọ́n fi ṣe fíríìdọ́ọ̀mù. Àmọ́ ẹ ó dá gbogbo ìkọ́bẹ̀rẹ̀ padà sórí irin àti ẹlẹ́kítíróòdù tí ẹ ń fowó rà, àti dísù tí ẹ ń dà sí jẹnẹrétọ̀, pẹ̀lú èéfín tí ọmọ á máa fà. Bí ẹ bá sì fi í síbẹ̀ bó ṣe wà yìí, ẹ ó ní ọmọ tó mọ géèmù. Èmi á ní kó máa bá a lọ, kí ẹ̀yin àti olùkọ́ rẹ̀ sì jọ sọ̀rọ̀. Ẹ lọ bá a. Ẹ ní kó má fi ọmọ sínú akoto ju 15 sí 20 ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan, kó bọ́ ọ, kó jáde síta, kó wo nǹkan tó jìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó padà. Kí wọ́n tún akoto ṣe sí ojú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n máa pa ìlà atọ́nà náà: kó ṣe é pẹ̀lú ìlà lẹ́ẹ̀kan, kó ṣe é láìsí ìlà lẹ́ẹ̀mejì, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti ṣì kí ẹ̀rọ tó fún un ní máàkì. Ẹ̀rọ tí mo mọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Olùkọ́ ni kì í fẹ́ pa á, torí máàkì á já wálẹ̀, ó sì fẹ́ kí àwọn òbí rí 90.

Ní tiyín, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ láàárín akoto àti iná gidi. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ Ajé níbẹ̀, kó ṣe é lọ́dọ̀ yín kí ọ̀sẹ̀ tó parí, lórí àjákù irin, kì í ṣe lórí géètì oníbàárà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí irin tó nípọn tí kì í tètè lu. Ẹ fún un ní ìbòjú tirẹ̀ àti ìbọ̀wọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ ní kó kàn tan iná kó sì pa á, kó tún tan án, títí ẹ̀ta iná ò fi ní ká a lára mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó wo ọwọ́ yín láti inú ìbòjú, kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ̀ ń rí nínú adágún yẹn fún un. Kó gbá ìdàrọ́ kúrò fúnra rẹ̀, kó wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró sí ibi tí ẹ ti lè gbà á bí nǹkan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi jó ẹlẹ́kítíróòdù kan tán. Jíjó irin lókè orí, tí iná ń já lé èjìká, àti irin tó ń ká nítorí ooru, kò sí akoto tí mo tíì rí tó kọ́ ọmọ ní ìyẹn bó ṣe yẹ.

Kí ẹ sì mú un lọ yẹ ojú wò lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ LAUTECH àti ti Bowen wà nínú ìlú níbí, ẹ ò ní rìn jìnnà. Bí orí fífọ́ bá ju ọjọ́ kejì lọ, bó bá ń rí nǹkan kan ní méjì lẹ́yìn tó ti sinmi, tàbí ojú kan pọ́n tí kò sì fẹ́ là, ẹ má dúró de àyẹ̀wò, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún wàrà ọmú tàbí omi ṣúgà sí i lójú. Ìwádìí lórí ẹni tó ti lo ẹ̀rọ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kò tíì pọ̀, mi ò sì ní búra fún yín pé lẹ́yìn ogún ọdún kò ní sí nǹkan kan. Ohun tí àwọn tó wà nílẹ̀ fi hàn ni pé àwọn àmì tí ẹ kà sílẹ̀ wọ̀nyẹn máa ń kúrò lára lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bọ́ ẹ̀rọ.

Ọmọ ọdún 9 yẹn, ẹ sọ fún un pé kò tíì kàn án. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe akoto AR àti VR ló fi ọdún 13 ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, sọ tirẹ̀ di 10 ní 2023, pẹ̀lú àṣẹ òbí, òun náà ò tíì pé ìyẹn. Ojú rẹ̀ ṣì ń dàgbà, àlàfo ẹyinjú rẹ̀ kéré sí ibi tí akoto àgbàlagbà lè sún mọ́ra dé, orí rẹ̀ ò sì lè gbé e. Bó bá ń sunkún, ẹ fún un ní ìbòjú àtijọ́ kan tí kò sí gíláàsì nínú rẹ̀, kó máa fi ṣeré, kó sì jìnnà sí ibi tí iná ti ń jó.